Ohun tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò wa ṣe fún wa: ẹ sọ ìrírí tiyín bí ìkórè ti ń bọ̀

Ọmọ Kíláàsì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra ọdún. Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò wa, àkókò tí ìkéde máa ń gùn jù lọ la wà yìí. Bí ìwàásù bá ti parí, akọ̀wé ìjọ a dìde, a sì ka ohun tí ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkórè àwọn ọmọdé, ìkórè àwọn àgbà pẹ̀lú bàsáà, alẹ́ orin Kérésìmesì, ìṣọ́ òru tí a ó fi rékọjá sínú ọdún tuntun, àti Ìsìn Májẹ̀mú ti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Mo ń gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ìkéde náà ti pọ̀ jù, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń jáde kí a tó kà á tán. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè sọ ohun tí ojú yín ti rí.

Ní ọdún tí ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé owó kógbá sílé, ó dẹ́kun àtimáa wá sí ìsìn. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì í, nítorí pé ìkórè ti sún mọ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa mú iṣu àti ewúrẹ́ wá lọ́dọọdún. Kò mọ bí òun yóò ṣe jókòó láàárín ẹgbẹ́ òun ní ọwọ́ òfo. Bó bá jẹ́ pé inú èrò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnì kejì ló ti ń jọ́sìn ni, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ì bá kọjá kí a tó fura. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ní kíláàsì tirẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí a pín àwọn ọmọ ìjọ sí, olórí kíláàsì sì ní ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, èyí tó fi ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tí a kò rí.

Olórí kíláàsì rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò béèrè owó kíláàsì, kò sì béèrè ìdí tí bàbá mi kò fi wá. Ó jẹ ẹ̀bà tí ìyá mi gbé fún un, ó gbàdúrà fún wa, ìgbà tó dìde láti máa lọ ló tó sọ fún bàbá mi pé ìgbìmọ̀ ìkórè ń wá ẹni tí yóò máa kọ ìwé owó bàsáà, nítorí pé ìṣirò ọdún tó kọjá kò ṣe déédéé. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù nínú wa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó tún rí bẹ́ẹ̀.” Bàbá mi lọ. Ó jókòó sídìí tábìlì láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ta adìẹ tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ mìíràn kò tètè yọjú lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò tún jókòó sílé mọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi nítorí ìtìjú.

Bàbá olórí kíláàsì yìí fẹ́ràn láti máa sọ fún àwa ọ̀dọ́ bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Mẹ́tọ́díìsì jẹ gbèsè lórí ilé ìjọsìn tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n ti ń ro bí wọn yóò ṣe san án, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí kò ní ìyẹn pàápàá. Ó dáhùn pé kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù lọ fún òun. Òun yóò máa lọ bá wọn nílé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni tó bá sì wá kò ní nǹkan, òun yóò san án fún un. Lílọ láti ilé dé ilé yìí ló jẹ́ kí àwọn aṣáájú rí bí ènìyàn ṣe ń gbé: ẹni tí ń ṣàìsàn, ẹni tí ìjà wà nínú ilé rẹ̀, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀. John Wesley, tó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, sì rí i pé ọ̀nà tí òun ti ń wá láti fi bójú tó àwọn ènìyàn rẹ̀ nìyí. Gbèsè ló bí kíláàsì, ṣùgbọ́n àbójútó ló dà. Nítorí náà ni mo ṣe ń fetí sí ìkéde dé òpin. Bí a bá ti ka ohun tí ń bọ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kan tó rò pé a kò fẹ́ òun mọ́.

Ìyá Akọrin, Àgbádárìgì

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní Àgbádárìgì níbí, láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni ọkàn wa ti máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, nítorí pé ní ọjọ́ 24 oṣù náà ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀. Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbi tó ti dúró. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1842 kan náà, Freeman lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta, ó sì padà wá pàdé Henry Townsend, ajíhìnrere ti ìjọ Áńgílíkà, níbí, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì pọ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé àwọn méjèèjì tí ìjọ wọn yàtọ̀ ni wọ́n jọ jókòó.

Ìrírí tèmi dá lórí bàsáà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, bó ṣe ń lọ nìyí: ẹni tí ń tà yóò gbé ìdì iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè, yóò dárúkọ iye, ẹnì kan yóò fi kún un, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fi kún un mọ́, ẹni tó rà á sì lè dá a padà pé kí wọ́n tún un tà fún Ọlọ́run. Alhaja kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ata lójú ọ̀nà tó lọ sí ìjọ. Kí ìkórè tó dé ni yóò ti máa bi mí pé ọjọ́ wo ni bàsáà bọ́ sí. Ní ọdún kan, òjò dé bá wa lójijì lẹ́yìn ìsìn nígbà tí gbogbo ọjà ti wà níta, afẹ́fẹ́ sì ká àtíbàbà. Alhaja yìí ló ké sí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n bá wa kó iṣu, ìrẹsì àti adìẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ti parí bàsáà náà. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ iye fún ìdì iṣu tó tẹ̀ lé e. Ó rà á, ó sì dá a padà. Láti ìgbà náà, bí Iléyá bá dé, ẹgbẹ́ akọrin máa ń lọ kí i, a ò sì ní kúrò níbẹ̀ láìjẹun. Bí akọ̀wé wa bá ń ka ìkéde ìkórè, èmi ni mo máa ń lọ sọ ọ́ fún un, nítorí mo gbà pé tirẹ̀ náà ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Lọ́ńdọ̀nù

Ìsìn Májẹ̀mú ni tèmi. Inú oṣù Ọ̀pẹ ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì rí, ní òru. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan wà nítòsí ilé tí mo háyà, lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo sì ti ka ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀: oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn àgbàlagbà, àti yàrá tó gbóná fún ẹni tí owó iná ilé ti wọ̀ lọ́rùn. Mo wọlé ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún, tààrà láti ibi iṣẹ́.

Nínú ìsìn yẹn, gbogbo ìjọ máa ń dìde, wọ́n a sì sọ fún Ọlọ́run pé àwọn kì í ṣe ti ara àwọn mọ́. Kó fi àwọn sí iṣẹ́ tó bá wù ú, kó sì pa àwọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá wù ú. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ọwọ́ tí mo fi ń di ẹfun mú níwájú pátákó ni mo fi ń wẹ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ orúkọ mi. Lẹ́yìn ìsìn ni ẹnì kan sọ fún mi pé ní ìlú yìí kan náà, ní Spitalfields, ni Wesley ti kọ́kọ́ ṣe irú ìsìn yìí ní 1755. Màmá kan tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà bu tíì fún mi, ó béèrè ibi tí mò ń gbé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú aṣọ òtútù. Mo rò pé ohun tí olórí kíláàsì ń ṣe nílé ló ṣe fún mi yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn wá. Ní ìjọ tí ìyá mi ń lọ lẹ́yìn tí bàbá wa kú, wọ́n máa ń ka orúkọ àti iye tí olúkúlùkù san fún ìkórè láti orí pẹpẹ, wọn a sì ka orúkọ àwọn tí kò tíì san. Opó tí ń tọ́ ọmọ ni ìyá mi. Ọdún kejì tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀, kò lọ sí ìkórè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin ìríjú àti ìgbìmọ̀ ìkórè gbogbo: ẹ má fi ìkéde lé àwọn opó jáde nínú ilé Ọlọ́run.

Ọmọ Kíláàsì, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá wa kí màmá. Ohun tí ẹ sọ tọ́, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn lòdì sí ohun tí Captain Foy sọ pátápátá, nítorí pé ẹni tí kò ní ni a dá kíláàsì sílẹ̀ fún láti ṣèrànwọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, a sì jiyàn lórí rẹ̀ gidigidi. Àwọn àgbà kan ní bí a kò bá ka iye, owó yóò dín kù, òrùlé tí a ń tún ṣe yóò sì dúró. Ibi tí a fìdí rẹ̀ sí ni pé a kò ní ka iye ẹnikẹ́ni mọ́. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé agbọ̀n kan wá lápapọ̀: ẹnì kan á mú iṣu, ẹnì kan á mú òróró, ẹni tí kò ní owó á gé igi ìdáná tàbí kó fọ abọ́, orúkọ kíláàsì nìkan la sì ń pè. Lójú tèmi, ó yẹ kí gbogbo sákíìtì wa, ìyẹn àwọn ìjọ tó wà papọ̀ lábẹ́ àbójútó kan, ṣe bẹ́ẹ̀, bí owó tilẹ̀ dín kù díẹ̀.

Bí màmá bá lè rìnrìn àjò, ẹ mú wọn wá sí ìkórè wa. Àwọn ìyá tí ń se ọbẹ̀ fún àwọn àlejò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì ń wá àgbà tó mọ bí a ṣe ń gún iyán àwọn Ìjẹ̀ṣà.