Ẹ̀rọ ní méjìlá, èmi ka mọ́kànlá: ṣé kí n buwọ́ lù ú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti apòògùn tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Texas. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń pín oògùn wá fún wa: èèyàn á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á yan orúkọ aláìsàn, dúrọ́ọ̀ á ṣí. Ó rọrùn, n ò ní purọ́. Àfi ti oògùn ìrora bíi oxycodone, tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ká tó mú un, a gbọ́dọ̀ ka èyí tó wà ńlẹ̀. Mo ka 11, ẹ̀rọ ní 12 ni òun mọ̀. Ọ̀gá wa ní kí n ṣáà buwọ́ lù ú, wọ́n á tún un ṣe láàárọ̀. Mo kọ̀.

Láti 2005 ni DEA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ti fàyè gba ilé oògùn láti gbé irú ẹ̀rọ yìí sí ilé ìtọ́jú bíi tiwa, ṣùgbọ́n ilé oògùn náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún ibẹ̀. Ọjà tiwọn sì ni oògùn inú rẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi gbé e jáde. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọrùn nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́?

Ṣé kí n kọ̀wé sí ilé oògùn tààrà, àbí fífo ọ̀gá dá lè kó bá mi? Láìsẹ́ǹsì mi ni mo ń rò o. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní nọ́ọ̀sì méjì ló ń jọ kà á níbi tiwọn. Báwo ni mo ṣe lè bèèrè fún irú ẹ̀ láìdi ọ̀tá gbogbo ilé?