Ó pẹ́ tí mo ti di ìkọ́ kíróṣé mú, mo fẹ́ hun ẹranko onífíbà: kí ni mo ń ṣì ṣe?

Olówùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníkíróṣé. Ṣéènì (ojú kan tí a fà gba inú òmíràn bí okùn) àti ojú kúkúrú (ìhun kíróṣé tí kò ga) nìkan ló kù lọ́wọ́ mi nínú ohun tí mo kọ́ nígbà kan. Erin kékeré ni mo fẹ́ hun fún ọmọ ọdún méjì. Wúùlù dúdú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ mílímítà 5, torí òun ni wọ́n kọ sí ìwé ara wúùlù náà. Ihò ń hàn láàárín ojú, fíbà tí mo kì sínú rẹ̀ sì ń yọrí síta. Ìlànà ní kí ojú jẹ́ 36, èmi ń ka 33 lẹ́ẹ̀kan, 38 lẹ́ẹ̀kejì. Orí rẹ̀ náà kò rí roboto, ó ní igun. Ṣé kí n tú u ni, àbí kí n máa bá a lọ?

Ìdí-Ìkọ́

Ẹ tú u. Wúùlù kì í bínú.

Ẹ gbé dúdú yẹn tì ná. Ojú rẹ̀ kò ṣe é rí, pàápàá lálẹ́ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń da kíkà yín rú. Yẹ́lò tàbí àwọ̀ mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ rà, wúùlù acrylic (okùn àtọwọ́dá) lásán tó sanra níwọ̀nba. Wúùlù onírun tó rọ̀ bíi táwẹ̀lì, tí gbogbo ayé fi ń hun ẹranko báyìí, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án: irun rẹ̀ bo ojú mọ́lẹ̀, ìka lẹ ó máa fi wá ibi tí ìkọ́ máa wọ̀. Cotton dára, ṣùgbọ́n kì í fà, ó sì máa ń ro ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ńbà tó wà lára ìwé wúùlù, ti aṣọ wíwọ̀ ni. Aṣọ gbọ́dọ̀ rọ̀ kó sì dà wálẹ̀ lára. Ẹranko gbọ́dọ̀ le kó lè di fíbà mú. Ẹ fi mílímítà 1 sí 1.5 dín in: ibi tí wọ́n bá kọ 5, ẹ mú 3.5. Bí ọwọ́ yín bá máa ń dẹ̀, ẹ mú 3. Bí ìkọ́ bá ń jà kó tó wọlé, ẹ ti fún un jù, ẹ fi ìdajì mílímítà kún un.

Erin kọ́ ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orí, ara, ẹsẹ̀ mẹ́rin, etí méjì, ọwọ́jà, ìrù: ẹyọ mẹ́wàá lẹ máa rán pọ̀. Ibi rírán yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ju iṣẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aláràbarà

Òròmọdìẹ ni kí ẹ hun, torí orí àti ara rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Wúùlù gíráàmù 50 máa tó, á tún ṣẹ́ kù.

Ẹ fi okùn ṣe òrùka tó ń sún, ẹ hun ojú kúkúrú 6 sínú rẹ̀, kí ẹ fa ìdí okùn kí ihò lè pa dé. Bí òrùka bá ń yọ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ṣe ṣéènì 2, kí ẹ hun 6 sínú ìkejì láti ìdí ìkọ́. Ihò kékeré á kù, abẹ́rẹ́ á dí i. Ìyípo 2: ojú méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, 12. Ìyípo 3: ọ̀kan lásán, kí èyí tó tẹ̀ lé e gba méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà, 18. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa fi 6 kún un, 24, 30, títí ó fi di 36 ní ìyípo 6. Láti ìyípo 7 dé 12, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ. Ní ìyípo 13 ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 6: 30, 24, 18, 12, 6.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 6? Fífẹ̀ ojú kúkúrú kò jìnnà sí gíga rẹ̀. Bí òbìrí bá fẹ̀ sí i ní gíga ojú kan yíká, etí rẹ̀ gùn sí i ní bí ojú 6. Ẹni tó bá fi 8 kún un, etí á máa ká bí ewé tó gbẹ. Ẹni tó bá fi 4 kún un, ó ti hun àwo kòtò.

Igun tí ẹ rí: ojú tí ẹ fi kún un ló ń jókòó lórí ara wọn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ni bọ́ọ̀lù bá ní igun mẹ́fà. Ẹ sún un. Ní ìyípo 4, dípò kí ẹ fi ọ̀kan lásán méjì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó tẹ̀ lé e gba méjì; lẹ́yìn náà, ọ̀kan lásán méjì àti ìfikún kan, lẹ́ẹ̀márùn-ún; ẹ wá fi ọ̀kan lásán tó kù parí rẹ̀. 24 náà ni, igun kò sí mọ́. Ẹ ṣe irú rẹ̀ ní ìyípo 6.

Nípa yíyọ ojú, ẹ wo orí ojú kan dáadáa: okùn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ki ìkọ́ bọ okùn iwájú ojú méjì tó tẹ̀ léra, ẹ fa wúùlù gba inú méjèèjì, kí ẹ wá parí rẹ̀ bí ojú kúkúrú. Bí ẹ bá mú odindi ojú méjì, kókó á yọ, ihò á sì lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fíbà àti Abẹ́rẹ́

Ẹ yẹ ìlànà yín wò kó tó di pé ẹ dá ìkọ́ lẹ́bi. Ojú kúkúrú yìí, sc (single crochet) ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ọ́, dc (double crochet) ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́. dc ti Amẹ́ríkà ga ju ìyẹn lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí ihò hàn. Ìlànà tó bá ní sc nínú, ti Amẹ́ríkà ni.

Ti 33 àti 38: ìyípo yìí kì í parí síbi kan, ó ń lọ bí ìkarahun ìgbín ni. Ẹ fi okùn aláwọ̀ mìíràn, tàbí píìnì tí a fi ń há aṣọ ìkókó, sínú ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa gbé e gòkè. Bí iye bá dín, ó lè jẹ́ ojú tó fara pa mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfikún lẹ fò. Bí ó bá lé, ẹ ti wọ ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ìkọ́ ti la okùn sí méjì. Ọ̀kan tó lé tàbí tó dín, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ẹranko ní ìyípo tó kàn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mẹ́ta, ẹ tú ìyípo náà.

Kí ẹ tó dé ìyípo 8, ẹ wò ó bóyá inú ló kọjú síta. Ìta ni ojú ti rí bí lẹ́tà V tó tò léra. Inú ní ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀. Ẹ yí i padà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì gbòòrò.

Fíbà ìrọ̀rí ló dára jù. Ẹ ya á wẹ́wẹ́ kó tó wọlé. Bí ẹ bá sọ òkìtì kan sínú rẹ̀, á rí kókó-kókó. Ègé fóòmù náà máa ń yọ kókó síta. Òwú àràbà rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, á máa gba ojú wúùlù jáde àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ rán an sínú àpò aṣọ.

Olówùú

Ẹ ṣé gan-an. Ìyípo 13 ni mo wà báyìí, 30 pé. Ẹyinjú oníke tó ní ìdè lẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi, mílímítà 8. Ṣé ìsinsìnyí ni mo máa fi sí i? Báwo ni mo ṣe máa pa ìdí rẹ̀ dé?

Ìdí-Ìkọ́

Fún ọmọ ọdún méjì, rárá. Ìdè yẹn lè di mú dáadáa kí wúùlù tó yí i ká wá fà, kó sì yọ sẹ́nu ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ni ká fi ya ojú fún un, kì í ṣe ike tàbí bọ́tìnnì. Dúdú tí ẹ tú yẹn ti rí iṣẹ́ ṣe: ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ àárín ìyípo 8 àti 9, ẹ fi bí ojú 6 sílẹ̀ láàárín ẹyinjú méjèèjì, ẹ rán an bí ìgbà mẹ́rin sójú kan náà. Inú ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ so ìdí okùn ní kókó níbẹ̀ kó tó di pé fíbà wọlé.

Aláràbarà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ki fíbà nígbà tó bá di 24, kí ẹ fi díẹ̀ kún un nígbà tó bá di 12, títí á fi le bí ọsàn. Nígbà tó bá ku 6, ẹ gé wúùlù kó ku bí sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba okùn iwájú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fà á, kí ẹ ki ìdí rẹ̀ gba àárín bọ́ọ̀lù jáde lódìkejì, kí ẹ gé e mọ́ ara kó lè wọlé padà.

Ìyẹ́: òrùka 6, lẹ́yìn náà 12, ẹ ká a sí méjì kó rí bí ìdajì òṣùpá; méjì ni. Àgógó: wúùlù aláwọ̀ ọsàn, òrùka 4, ìyípo kejì 6. Ẹ fi okùn sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ lára kọ̀ọ̀kan fún rírán. Kí ẹ tó rán ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ fi píìnì há gbogbo wọn, ẹ gbé òròmọdìẹ sórí tábìlì kí ẹ wò ó láti iwájú. Ìyẹ́ tó bá fi ojú kan ga ju ìkejì lọ máa ń hàn.