Bọ́ọ̀lù yunifásítì l'Amẹ́ríkà: àtẹ ipò wo ló ń mú ẹgbẹ́ dé ibi ife?

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yunifásítì ni mo gbé wá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré lọ́jọ́ Sátidé. Àtẹ ipò ti pọ̀ jù. Àwọn oníròyìn tí ilé iṣẹ́ ìròyìn AP ń kó jọ ní tiwọn, àwọn kóòṣì ní tiwọn, ìgbìmọ̀ kan tún ń gbé òmíràn jáde lọ́jọ́ Túsìdeé. Èwo gan-an ló ń mú ẹgbẹ́ dé àṣekágbá? Bí ẹgbẹ́ ńlá bá sì fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré ní oṣù kẹsàn-án, ṣé ọdún wọn ti tán nìyẹn? A fẹ́ jọ ṣe bracket (kí oníkálukú sọ ẹni tó máa borí eré kọ̀ọ̀kan) nínú group yìí ní December, mi ò fẹ́ máa fi àwọ̀ jẹ́sì yan ẹgbẹ́.

Bàbá Ayọ̀, Indianapolis:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ti ìgbìmọ̀ nìkan ló ń mú ẹgbẹ́ wọ playoff, ìyẹn ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń du ife. Àwọn tó kù wà fún àríyànjiyàn.

AP ti wà láti 1936. Oníròyìn kọ̀ọ̀kan á to ẹgbẹ́ 25: èyí tó fi ṣe ìkíní gba póìǹtì 25, èkejì gba 24, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí èyí tó gbẹ̀yìn á fi gba ẹyọ kan. Wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ń gbé àkọ́kọ́ jáde, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá, ibẹ̀ ló sì ti ń tanni jẹ. Ẹgbẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ń borí, kò sẹ́ni tó máa fà á wálẹ̀, ì báà jẹ́ àwọn aláìlera ló ń nà. Texas ni AP fi ṣe ìkíní kí sáà 2025 tó bẹ̀rẹ̀. Eré àkọ́kọ́ wọn, Ohio State nà wọ́n 14 sí 7, wọn ò sì rí playoff wọ. Indiana tó padà gba ife, wọn ò kà wọ́n mọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ rárá ní oṣù kẹjọ yẹn.

Ìgbìmọ̀ ní èèyàn 13. Wọn kì í sọ nǹkan kan títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà Túsìdeé Túsìdeé. Èyí tó ń parí ọ̀rọ̀ ni ti Sọ́ńdè tó tẹ̀lé àṣekágbá àwọn kọ́ńfáráǹsì (àwùjọ ẹgbẹ́ tó ń bá ara wọn gbá), ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Inú yàrá ni wọ́n ti ń jókòó jiyàn, tí wọ́n á máa dìbò fún ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé: àwọn wo lo bá gbá, ta lo nà nínú wọn, ṣé ìwọ àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du ipò ti pàdé rí, bí ẹ ò bá sì pàdé, ta lẹ̀yin méjèèjì jọ bá gbá.

Ẹgbẹ́ 12 ló ń wọlé láti sáà 2024. Ní sáà 2024 àti 2025, márùn-ún wọlé torí pé wọ́n gba ife kọ́ńfáráǹsì wọn, méje yòókù wọlé nípa ipò. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó gba ife kọ́ńfáráǹsì nìkan ló lè sinmi ní ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí Boise State àti Arizona State jókòó sílé nígbà tí àwọn tí ipò wọn ga jù wọ́n lọ ń gbá a nínú òtútù. Wọ́n yí i padà ní 2025: ẹni mẹ́rin tó wà lókè àtẹ ló ń sinmi báyìí. Ẹ máa tún òfin ìwọlé yẹ̀ wò ní gbogbo oṣù kẹjọ, ọwọ́ wọn kì í pẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Nashville:
Bàbá Ayọ̀ ti ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n gba apá ibi tí kékeré ti ń na ńlá.

Vanderbilt àti Alabama, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2024, ìlú wa níbí. Alabama ló wà nípò kìíní. Vanderbilt nà wọ́n 40 sí 35, àwọn èrò fa òpó góòlù tu, wọ́n gbé e gba ojú títì lọ jù sínú odò Cumberland. Ṣùgbọ́n ẹ fi òpó sílẹ̀, ẹ wo aago: nínú ìṣẹ́jú 60, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Vanderbilt fún ìṣẹ́jú 42. Ìgbà 18 ni wọ́n dé third down (ìgbìyànjú kẹta), wọ́n rí i gbà ní ìgbà 12. Ìgbìyànjú mẹ́rin lẹgbẹ́ ní láti fi rìn yard 10. Bí wọ́n bá ń gba ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbé bọ́ọ̀lù fún yín. Àwọn akọni Alabama tó lè gbé bọ́ọ̀lù dé ìlà góòlù (touchdown) nígbàkúgbà, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n wà tí wọ́n ń mumi.

Ọgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn. Kí eré falẹ̀, kí àǹfààní tí ẹni ńlá máa ní dín kù, kí wọ́n sì rí bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì já gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wò ó, tó bá di ìdajì eré, ẹ má wulẹ̀ wo iye àmì ayò. Ẹ wo aago ìdìmú bọ́ọ̀lù, third down, àti ẹni tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ̀ sọ́dọ̀ kékeré, ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́.

Àmì kejì wà tí kò sí lórí pápá: ẹ wo ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá bá gbá ní Sátidé tó ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan kí Alabama tó kó sí Vanderbilt lọ́wọ́, Georgia ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà 41 sí 34. Ọ̀sẹ̀ kan kí Northern Illinois tó na Notre Dame 16 sí 14 ní South Bend ní 2024, Notre Dame ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ na Texas A&M nílé wọn ni. Penn State ní 2025, Oregon nà wọ́n ní àfikún àsìkò. Sátidé kejì wọ́n wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kalifóníà, UCLA tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni nínú eré mẹ́rin nà wọ́n 42 sí 37. UCLA tún ti gbé ìpè eré lé olùkọ́ mìíràn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Penn State ò sì ní fídíò tí wọ́n lè fi kọ́ ìṣesí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó rẹ̀, tó rìnnà jìn, tó tún bá àjèjì ọgbọ́n pàdé. Tí mẹ́ta yìí bá pàdé ara wọn, mi ò ní fi ẹgbẹ́ ńlá sínú àsọtẹ́lẹ̀ mi.

Àbúrò Dúpẹ́, Baltimore:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé owó o. Notre Dame ló san mílíọ̀nù kan lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó dọ́là fún Northern Illinois pé kí wọ́n wá gbá a nílé àwọn. Wọ́n sanwó, wọ́n tún jìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Michigan san 400,000 dọ́là fún Appalachian State ní 2007, àwọn yẹn gba owó, wọ́n nà wọ́n 34 sí 32, wọ́n sì fọwọ́ gbá field goal tó kẹ́yìn (bọ́ọ̀lù tí Michigan fẹsẹ̀ gbá sí òpó góòlù) dànù.

Alàgbà, Houston:
Ìyá Ìbejì, ẹ bi wá bóyá ọdún ti tán. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè tán. Nígbà BCS, ètò tó wà ṣáájú playoff, ẹgbẹ́ méjì péré ló ń wọ àṣekágbá, láti 2014 dé 2023 mẹ́rin ni. Florida State borí gbogbo eré 13 wọn ní 2023, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ tì wọ́n síta nítorí pé quarterback wọn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti ṣèṣe.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Notre Dame tí Northern Illinois nà yẹn, àṣekágbá ni wọ́n dé. Ohio State tiyín, Michigan nà wọ́n nílé wọn 13 sí 10 ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, àwọn èèyàn fẹ́ lé kóòṣì lọ. Láti December wọ January, wọ́n nà Tennessee, Oregon, Texas àti Notre Dame tán, wọ́n gbé ife. Nípò kẹjọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò mi fún kọ́ńfáráǹsì ńlá: bí ẹgbẹ́ bá pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, kò léwu. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó sábà máa ń wọlé, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó nà án. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ máa gbàdúrà. Alabama pàdánù mẹ́ta ní 2024, wọ́n tì wọ́n síta.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, South Bend:
Alàgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ parí rẹ̀. Alabama yẹn náà pàdánù mẹ́ta ní 2025, Georgia nà wọ́n 28 sí 7 ní àṣekágbá kọ́ńfáráǹsì, ipò kẹsàn-án ni wọ́n sì wà síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Notre Dame borí 10 nínú 12, mẹ́wàá yẹn ní tẹ̀léra, wọ́n wà lókè Miami ní gbogbo Túsìdeé. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, láìjẹ́ pé Notre Dame tàbí Miami gbá bọ́ọ̀lù kankan, Miami gorí wọn. Inú bí Notre Dame débi pé wọ́n kọ bowl (eré ìparí sáà tí kì í ṣe ti playoff) tí wọn ìbá gbá. Ta ló wá fẹ́ sọ pé kì í ṣe ojúsàájú?

Bàbá Ayọ̀, Indianapolis:
Àbúrò, mo gbọ́ ìrora yín, ṣùgbọ́n ìdí wà. BYU ló wà láàárín Notre Dame àti Miami. Texas Tech nà BYU 34 sí 7 lọ́jọ́ Sátidé yẹn, BYU já sílẹ̀, Notre Dame àti Miami wá di aládùúgbò lórí àtẹ. Bí méjì bá ti kan ara wọn, tí wọ́n ti pàdé rí, ìgbìmọ̀ á wo ẹni tó borí. Miami ló borí, 27 sí 24, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Ibi tó ti burú ni pé wọ́n mọ èyí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn tí wọn ò lò ó. Ti Alabama, èmi náà ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ ni pé: tí ẹ bá rí ẹgbẹ́ yín lókè ẹni tó ti nà yín, ẹ má sùn. Ẹ ka ẹgbẹ́ mélòó ló wà láàárín yín, ẹ máa wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ tí àlàfo yẹn bá tán, ẹ ti bọ́.

Àbúrò Dúpẹ́, Baltimore:
Ó dáa, ó kan bracket. Eré 11 ni gbogbo rẹ̀: mẹ́rin, mẹ́rin, méjì, ẹyọ kan. Ẹ fún wa ní póìǹtì 1 ní ìpele àkọ́kọ́, 2 ní ìkejì, 4 ní sẹ́mì, 8 ní àṣekágbá. Àpapọ̀ jẹ́ 28, ẹni tó bá sì gba olúborí kì í ṣe pé ó ti jẹ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tì í kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú fóònù oníkálukú.

Ìpele àkọ́kọ́ ń wáyé nílé àwọn tó wà ní ipò 5 sí 8. Nínú mẹ́jọ tí wọ́n ti gbá lọ́dún méjèèjì, onílé borí mẹ́fà. Alabama lọ na Oklahoma nílé wọn, Miami lọ na Texas A&M 10 sí 3, àwọn méjì yẹn nìkan ni àlejò tó mókè. Nítorí náà ẹ yan onílé, àyàfi bí ipò àwọn méjèèjì bá súnmọ́ra bíi 8 àti 9.

Àwọn tó sinmi ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi póìǹtì ṣòfò. Nínú mẹ́jọ tó sinmi, méje ló lulẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2024. Ní 2025, Ohio State, Georgia àti Texas Tech. Indiana nìkan ló yọ, wọ́n na Alabama 38 sí 3, wọ́n na Oregon 56 sí 22, wọ́n na Miami 27 sí 21, eré 16 láìpàdánù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgbá bọ́ọ̀lù máa ń jẹ́ kí ara wọ́n le, nígbà tí alátakò ti gbóná. Ẹ má gbé ju ẹyọ kan lọ nínú wọn dé sẹ́mì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, South Bend:
Ẹ tún máa wo àwọn tó wà níwájú, àwọn tó ń dáàbò bo quarterback. Ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti ń ṣe bẹbẹ: Olusegun Oluwatimi ní Michigan gba Outland àti Rimington, ẹ̀bùn àwọn tó ń gbá níwájú, ní 2022, Olumuyiwa Fashanu kúrò ní Penn State di ẹni kọkànlá tí wọ́n yàn nínú draft 2024, níbi tí NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó, ti ń yan àwọn ọmọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìlà tó le kì í gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìjùkùjù: Michigan ti Oluwatimi yẹn ju bọ́ọ̀lù méjì fún TCU tí wọ́n gbé sáré dé ilé touchdown, wọ́n pàdánù 51 sí 45.

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Aago mélòó la máa wò ó ní London? Bọ̀dá mi ní Ìbàdàn náà fẹ́ wò.

Bàbá Ayọ̀, Indianapolis:
Àǹtí, eré ọ̀sán aago 12 níbí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín. Ti alẹ́, 7:30, di 12:30 òru. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí aago yín máa ń yí padà ṣáájú tiwa, láàárín ìparí oṣù kẹwàá àti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá: ẹ yọ wákàtí kan lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Ìbàdàn, aago 5 ni ti ọ̀sán títí tiwa á fi yí padà, lẹ́yìn náà aago 6. Àṣekágbá máa ń wáyé lálẹ́ Mọ́ńdè ní January, ìyẹn 12:30 òru mọ́jú Túsìdeé lọ́dọ̀ yín, 1:30 n'Ìbàdàn. Kí Bọ̀dá ti ra dátà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí eré ìpele àkọ́kọ́ bá wáyé nílé wa níbí, kí ni ká múra sílẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Nashville:
Sọ́ńdè tí àtẹ bá jáde lẹ máa mọ̀, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì sí eré. Orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, ẹ gbé e sínú wallet kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọnù lẹ́nu géètì. Báàgì tó mọ́ gaara ni wọ́n ń gbà ní ọ̀pọ̀ pápá, tí kò ju íńṣì 12 × 6 × 12 lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà pápá yín. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi páálí tẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ bí wọ́n bá gbà á, nítorí kọ́ńkéré ni òtútù ń gbà wọlé.