Userpass lórí Vault: wọ́n ń wọlé, àmọ́ wọn ò rí nǹkan kan kà

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kúulé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọ̀gá wa ní kí n kó gbogbo páásìwọ́ọ̀dù database kúrò nínú WhatsApp (mi ò parọ́, inú WhatsApp ló wà) lọ sínú Vault (sọfítíwíà tó ń tọ́jú àṣírí), mo ti tan userpass (ọ̀nà ìwọlé olórúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù), mo ti dá orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wọlé dáadáa, àmọ́ tẹ́nì kan bá ti ní kóun ka secret/app/db báyìí, 403, permission denied. Policy tí mo kọ (òfin ohun téèyàn lè ṣe nínú Vault) rèé, app lorúkọ ẹ̀: path "secret/app/*", read àti list. Kí ló kù?

Ẹ̀gbọ́n Chálẹ́ńjì:
KV version 2 (irú àpótí àṣírí kan nínú Vault) lò ń lò, àbí? Kọ ọ́ báyìí: secret/data/app/* fún read, secret/metadata/app/* fún list. Tó o bá ń tẹ vault kv get o ò ní kọ data yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń fi í sí i lábẹ́lẹ̀, àmọ́ policy ò ní bá ẹ fi í sí i.

Ọmọ Bódìjà:
Mo ti ṣe é ẹ̀gbọ́n, 403 náà ṣì ni.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ní kí ọ̀kan nínú wọn tẹ vault token lookup, kó o wo iwájú policies. Tó bá jẹ́ default nìkan ló wà níbẹ̀, kò lè ka àṣírí app yẹn. Fi policies=app sórí user yẹn, kó wá tún login o, torí policy tó wà nígbà tó wọlé ni token ọwọ́ ẹ̀ (àmì àṣẹ tí Vault fún un nígbà tó wọlé) ṣì gbé dání. Àti pé tó o bá ń dá user, password=- ni kó o kọ, kó o wá fún Vault ní páásìwọ́ọ̀dù náà lọ́tọ̀, kì í ṣe lórí ìlà àṣẹ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú history (àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tó o ti tẹ̀) ló máa jókòó sí, ẹni tó bá tẹ up arrow á rí i.

Ọmọ Bódìjà:
Ó ti jẹ́ o! Default nìkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣé gan-an mà.

Ará Agbowó:
Ṣé inú ọ́fíìsì ni server yẹn wà? Torí tí NEPA bá mú iná tí inverter náà kú, sealed (ní títì pa) ni Vault máa jí, kò sí userpass tó máa ṣiṣẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá kó kọ́kọ́rọ́ 3 nínú 5 tí wọ́n fi ń ṣí i jọ, ìyẹn tó bá jẹ́ bó ṣe wà látilẹ̀ lẹ ṣe init (nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀). Tó bá sì jẹ́ -dev (ti ìdánwò, inú memory nìkan ló ń kó nǹkan sí) lo fi tan án, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọmọ Bódìjà:
Kì í ṣe dev o. Ọwọ́ ọ̀gá nìkan ni kọ́kọ́rọ́ máràrùn-ún wà.

Ará Agbowó:
Ẹ pín in. Bí ọ̀gá bá lọ òde ìyàwó n'Íjẹ̀bú tíná lọ ńkọ́?