Owó tí àwọn tó jáde ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń gbà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: báwo la ṣe ń kà á?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń fi College Scorecard (ìkànnì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi owó àwọn tó jáde hàn) wo nọ́ọ̀sì, bàọ́lọ́jì àti sàíkọ́lọ́jì ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan. Owó nọ́ọ̀sì ga gan-an, ti bàọ́lọ́jì kéré, àwọn kọ́ọ̀sì míì ò tilẹ̀ ní iye kankan. Ṣé bàọ́lọ́jì ò lérè ni? Kí ni àlàfo yẹn túmọ̀ sí?

Ìdáhùn 1
Ẹ kú ìbéèrè. Àlàfo yẹn kì í ṣe òdo o. Bí àwọn tó jáde bá kéré níye, wọ́n máa ń bo owó wọn kí àṣírí ẹnikẹ́ni má bàa tú. Ẹni tó bá fi 0 dí i ti ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó gba ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kà. Iye tí ẹ rí sì jẹ́ ti ẹni àárín: ìdajì ń gbà jù ú lọ, ti ìdajì ò tó o. Ẹ má fi iye gbogbo ilé-ìwé wé ti kọ́ọ̀sì. Ti ilé-ìwé ń ka ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé, àti àwọn tí kò parí pẹ̀lú. Ti kọ́ọ̀sì, àwọn tó gboyè nìkan ni.

Ìdáhùn 2
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ka bàọ́lọ́jì ló ń kọjá sí ilé-ìwé ìṣègùn tàbí ti eyín. Wọn kì í ka owó ẹni tó ṣì wà nílé-ìwé, nítorí náà àwọn tó dúró lórí dìgírì àkọ́kọ́ ni iye yẹn ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàíkọ́lọ́jì: láìsí másítà, kì í sábà sí láìsẹ́ǹsì láti máa gba aláìsàn nímọ̀ràn.

Ẹ wo PSEO, àkójọ owó àwọn tó jáde tí Census Bureau (ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà) ń ṣe, ó ní owó ọdún 1, 5 àti 10 lẹ́yìn ìjáde. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló wà níbẹ̀. Wọ́n sì yọ ẹni tí owó ọdún rẹ̀ ò tó ti iṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50, ní 7.25 dólà ní wákàtí kan (owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin àpapọ̀): ìyẹn 12,687.50 dólà. Èyí ń gbé iye náà sókè díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Kóòdù 51.38, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń to kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì, kó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì tó ti ń gbowó oṣù tẹ́lẹ̀, tó kàn padà wá gba dìgírì. Níbi tí RN-to-BSN (ètò tí nọ́ọ̀sì tó ti ní láìsẹ́ǹsì fi ń gba dìgírì) bá ti pọ̀, owó ọdún àkọ́kọ́ máa ń ga ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa rí lọ. Ẹ bi ẹ̀ka náà: mélòó ló wọlé pẹ̀lú láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́?

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Gbèsè ńkọ́?

Ìdáhùn 3
Gbèsè 25,000 dólà, èlé 5%, ọdún 10: nǹkan bí 265 dólà lóṣù. Ẹ yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù kẹ́ ẹ tó fi wéra.

Ohun kan tún wà tí àtẹ yẹn kì í fi hàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ á kọ́kọ́ ṣe kẹ́mísírì àti anátómì, kó tó tún bẹ̀bẹ̀ fún àyè ní nọ́ọ̀sì gan-an. Ẹni tí wọn ò gbà á bọ́ sí kọ́ọ̀sì míì, owó rẹ̀ á sì lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè iye tó bẹ̀bẹ̀, iye tí wọ́n gbà, àti iye tó yege NCLEX (ìdánwò láìsẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì) ní ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.