Lórí "àbùkù-òdòdó": kí ló bù, kí ló kù?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ọ̀gá wa tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ ní kí a máa pe òdòdó tó bá ṣàdédé yọ lọ́nà tí irú rẹ̀ kì í gbà yọ ní "àbùkù-òdòdó". Wọ́n ní ọdún tí àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá ti tó ẹ̀rí. Ó dáa. Kí ló wá bù, kí ló sì kù?

Ẹ wo ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ tí a ń sè. Èyí tí àwọn olódòdó ń tà lẹ́bàá títì ní Ìkòròdú níbí, tí orí rẹ̀ pupa bí ogbe àkùkọ, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ṣóńṣó orí igi rẹ̀, tó yẹ kó máa ga láti ojú kan ṣoṣo, ló fẹ̀ gbọọrọ, ni òdòdó bá ń ká léra. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó rí múlọ́múlọ́, hóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń dán á sì já sí yín lọ́wọ́. Ẹ gbìn ín, ogbe ni yóò tún yọ. Àbùkù wo là ń fowó rà? Ìyá ìyá mi pè é ní ogbe àkùkọ, wọn ò pè é ní aláàbọ̀ ara. (Ẹ má wulẹ̀ rán mi létí pé àwọn eléwé ń pe àgógo igún náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀.)

Ohun tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ṣe náà lẹ tún ń ṣe. Ní 1744, ó sọ òdòdó Linaria kan ní Sweden ní Peloria, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ abàmì, torí pé ìwo (ibi ṣóńṣó tó yọ jáde lẹ́yìn òdòdó) márùn-ún ló ní dípò ẹyọ kan. Ó lé ni, kò kù! Ẹni tó sì dábàá pé ká pe irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ní "ìyípadà àbùdá" (àbùdá ni ohun àjogúnbá tó ń pinnu bí nǹkan ẹlẹ́mìí ṣe máa rí), ẹ rọra: ní 1999, àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tó wà nínú àbùdá òdòdó yẹn kò yí padà, a kàn dì í lẹ́nu ni, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ẹ̀dà" ni orúkọ tí mo fara mọ́ fún un, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì: ohun tó dà, tó kúrò ní bó ṣe wà. Ẹ má kọ ọ́ ní "ẹ̀dá" bí àwọn kan ti ṣe lánàá. Inú "dá" nìyẹn ti wá. Wọ́n ní ẹ̀dà ti di fọ́tòkọ́pì ní ọ́fíìsì. Ṣé ọ́fíìsì ló wá ni èdè ni? Ẹ̀dà mọ́fíìmù (oríṣi ìrísí tí ègé ọ̀rọ̀ kan lè ní) ńkọ́, ta ló ń pe ìyẹn ní fọ́tòkọ́pì?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àgbádárìgì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o: ta ló sọ fún yín pé "ìtànná" nìkan ni ojúlówó orúkọ fún fláwà, pé aṣọ pupa ni "òdòdó" ń jẹ́ láyé àwọn baba wa?