Orúkọ wo ló yẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ayé parí sí? Gbalasa ni tèmi

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Lórí orúkọ Yorùbá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "space", àbá méjì ló wà nílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí a máa pe ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn kọjá afẹ́fẹ́ ayé ní "ọkọ̀ òfurufú", kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì máa jẹ́ "awakọ̀ òfurufú". Ẹnì kejì ní "ọ̀run" ló tọ́: "ọkọ̀ ọ̀run", "arìnrìn-àjò ọ̀run". N kò fara mọ́ ìkankan. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ òṣùpá àti ìràwọ̀ ti wọ̀ mí lára, n kò sì fẹ́ kí a fi orúkọ tó mẹ́hẹ pè é.

Òfurufú ti bọ́ sọ́wọ́ bàálù. Ọmọ Òṣogbo tó bá gbọ́ "awakọ̀ òfurufú", ẹni tó ń wa bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá ló máa rò. Bàálù èrò kì í sábà ga ju kìlómítà 12 lọ. Kìlómítà 100 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ààlà òfurufú àti ibi tí à ń wí yìí sí, ilé ìwádìí àgbáyé (ISS) tó ń yí ayé po, tí ènìyàn ti ń gbé láìdáwọ́dúró láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 400. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ́ bàálù. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè gbé ìyẹ́ kankan.

Ti ọ̀run ló tún burú jù. Lọ́dọ̀ wa níbí, egúngún ni à ń pè ní ará ọ̀run. Ẹni tó bá lọ sọ́run, ó ti kú nìyẹn. Tí rédíò bá ní Yuri Gagarin, ará Rọ́ṣíà tó kọ́kọ́ débẹ̀, lọ sọ́run ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, ta ni kò ní rò pé òkú rẹ̀ ni wọ́n ń kéde? Bẹ́ẹ̀, kò tó wákàtí méjì tó fi padà délẹ̀ láàyè. Lóòótọ́, "ojú ọ̀run" kò ní ikú nínú, ṣùgbọ́n ohun tí a ń gbójú sókè wò nìyẹn, kì í ṣe ibi tí à ń lọ. Sánmà ńkọ́? Tí sánmà bá ṣú, òjò ló ń bọ̀.

Àwọn kan ti ń kọ "gbalasa òfurufú" tipẹ́. Mo ní kí a gé e kù sí gbalasa, ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ rẹrẹ tí ojú kò tó òpin rẹ̀. Ó rọrùn láti so pọ̀: ọkọ̀ gbalasa, ìmọ̀ gbalasa, arìn-gbalasa.

Arìn-gbalasa yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọmọdé ni mí ní Òkè-Bàálẹ̀ nígbà tí Armstrong àti Aldrin fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní 1969. Awakọ̀ tí ìjọba yàn ni àwọn méjèèjì. Ayé ti yí padà. Dennis Tito, olówó ará Amẹ́ríkà, fowó ara rẹ̀ lọ sí gbalasa ní 2001. Ní 2021, àwọn mẹ́rin wọ ọkọ̀ Dragon ti SpaceX, ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yí ayé po, kò sì sí ẹni tí ìjọba rán nínú wọn. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń darí ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ni "awakọ̀" fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹnì kan nínú wa ní ẹni tó sanwó lọ kò yẹ lórúkọ. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ dé Mẹ́kà ńkọ́, ṣé kì í ṣe Àlàájì ni? Ẹni tó bá ti débẹ̀, arìn-gbalasa ni. Èyí tí iṣẹ́ gbé lọ, ẹ pè é ní òṣìṣẹ́ gbalasa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbalasa fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà. Nàìjíríà sì ti tọwọ́ bọ àdéhùn Artemis, ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fẹnu kò lé lórí fún ìwádìí gbalasa, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ó yẹ kí ọmọ Ọ̀ṣun tó bá wọlé sí ibùdó Ifẹ̀ yẹn bá orúkọ nílẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Ó ku ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń tọ̀ yí ayé po. "Ipa àyípo" ni mo ṣì ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.